Ìbọn Bàbá Wà ní Àgọ́

Àtàláátà, 14 Jánúárì 2025

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ìjẹta la sin Bàbá níbí ní Isundunrin. Àwọn ọdẹ yìnbọn fún un, gbogbo ìlú gbọ́. Lánàá mo sáré lọ sí Èjìgbò láti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi. Kí n tó padà dé, Múrítàlá àbúrò mi ti yọ ìbọn Bàbá kúrò lára ògiri, ó fi àpò ìrẹsì wé e, ó gun ọ̀kadà, ó gbé e lọ fún ọlọ́pàá, tòun ti láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Mo ní, "Múrí, kí ló kó sí ẹ lórí?"

Ó ní, "Ma sœur, c'est la loi. Òfin ni. Ẹni tó ni láísẹ́ǹsì ti kú. Ìbọn ò gbọdọ̀ sun ilé mọ́. Ní Abíjàn, tí wọ́n bá bá ìbọn òkú nílé yín, ẹ̀wọ̀n ni."

Mo ní ṣé Abíjàn nibí? Èmi náà gbé Abíjàn, mo tajà níbẹ̀ títí irun mi fi funfun, kò sẹ́ni tó máa fi Faransé dẹ́rù bà mí.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin nìkan. Kò fẹ́ kí wọ́n ṣípà Bàbá ni. Ó ní mùsùlùmí ni Bàbá, a ti kírun sí i lára, ó parí síbẹ̀. Ta ló sọ pé Bàbá kì í ṣe mùsùlùmí? Tàjùdíìnì lorúkọ ẹ̀, kò jẹ ààwẹ̀ kan rí. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni. Ọdẹ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò bá ṣípà rẹ̀, tí wọn ò kó ẹ̀wù ọdẹ ẹ̀ àti ìbọn ẹ̀ lọ sójú igbó kí wọ́n kí i pé ó dàárọ̀, inú igbó ló ṣì ń rìn kiri. Èmi ni Bàbá sọ ọ́ fún, kì í ṣe Múrítàlá. Lórí àìsàn ló wà. Ó ní, "Ràshídá, ẹ má jẹ́ kí n lọ láìṣípà. Ìbọn tí mo fi ṣọdẹ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é." Mo ní mo gbọ́. Mo ti dáhùn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbé e mì.

Ìbọn wá ń bẹ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Àlàrùbá, 15 Jánúárì

Bàbá Fákẹ́mi wá láàárọ̀. Òun ni olórí ọdẹ Isundunrin, òun àti Bàbá ni wọ́n jọ ń re igbó láti ìgbà tí wọn ò tíì láya. Mo ti ń retí pé yóò fi ọ̀pá na Múrítàlá. Kò nà án. Ó dúró níwájú ògiri tí ìbọn máa ń wà, ó wò ó títí, ó ní, "Èwo ni wọ́n gbé lọ?"

Mo ní, "Bàbá, mélòó ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Háà, òótọ́ ni, òótọ́ ni." Ó jókòó, kò fẹnu kan omi tí mo gbé fún un. Nígbà tó máa lọ, ó ní láìsí ìbọn tí olóògbé fi ṣọdẹ, òun ò lè pe ẹnikẹ́ni wá ṣípà. Ká lọ gbà á.

Ẹ lọ gbà á! Bí ẹni ní kí n lọ gba abọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Àtíní, 20 Jánúárì

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní Èjìgbò. Ìsípẹ́kítọ̀ tó ń bójú tó ìbọn kò gbójú sókè fún mi títí ó fi jẹ ẹ̀pà ọwọ́ ẹ̀ tán. Ó ní, "Ìyá, ìbọn òkú kì í jáde. Àfi kí ẹnìkan nínú ẹbí gba láísẹ́ǹsì lórúkọ ara ẹ̀, ká wá yí ìbọn náà sí orúkọ onítọ̀hún."

"Níbo ni wọ́n ti ń gbà á?"

"Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ níbí, wọ́n á bá yín parí ẹ̀ ní Òṣogbo. Ta ló fẹ́ gbà á?"

Mo ní, "Èmi."

Ó wá gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín tí ikùn ẹ̀ fi ń jó. "Ẹ̀yin? Kí lẹ fẹ́ fi ìbọn ṣe, Ìyá? Àbí ẹ fẹ́ lé Bàbá jáde nílé ni?"

Mo ní, "Ọkọ mi ti kú, sà. Kò dúró de ìbọn."

Ọmọbìnrin ọlọ́pàá tó jókòó sí káńtà, Ooreolúwa lorúkọ tó wà láyà ẹ̀, fọwọ́ bo ẹnu. Ìsípẹ́kítọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n lọ gbàwé lọ́dọ̀ olórí ọdẹ, kí n lọ sọ́dọ̀ dókítà kó jẹ́rìí pé orí mi pé, kí n padà wá ní Àtíní. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tó fi gbólóhùn kan lé e: tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá ti kọjá, gbogbo ìbọn tí kò lólúwa ní àgọ́ ni wọ́n máa kó lọ sí Òṣogbo, wọ́n á fi ẹ̀rọ gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Tí Bàbá mi ńkọ́?"

"Ó ti lólúwa ni?"

Mo rìn dé Òkè Màpó Èjìgbò kí n tó rántí pé mi ò tíì wọ ọ̀kadà.

Àtàláátà, 21 Jánúárì

Ọyẹ́ ti bu ètè mi. Mi ò ráyè ìpara. Ẹnu tó bu yìí náà ni màá fi bá wọn jà.

Àtíní, 27 Jánúárì

Múrítàlá padà sí Abíjàn lónìí. Mo bá a dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Mo ní kó tó lọ, kó jẹ́ ká lọ kọ orúkọ tiẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin ni, wọn ò ní fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní òun ò fọwọ́ kan ìbọn, òun ò fọwọ́ kan ìpà, kí n má mú òun dẹ́ṣẹ̀ sí Ọlọ́run.

Mo ní, "Ìwọ tó o gbé e lọ ńkọ́? Ọwọ́ ta lo fi gbé e?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù." Ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó tún ń juwọ́ sí mi lójú fèrèsé!

Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Irọ́ ni. Ẹni tó bí tiwa ti jókòó síwájú bọ́ọ̀sì, èmi ni mo gbé e pọ̀n.

Àtíní, 3 Fẹ́búárì

Ibi àwọn ọdẹ ni mo ti ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí gbogbo wọn, mo sọ pé kí Bàbá Fákẹ́mi bá mi tẹ̀ka sí ìwé pé ilé ọdẹ ni mo ti wá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Obìnrin kì í gbé ìbọn."

Mo ní, "Ẹran tẹ́ ẹ fìbọn pa ńkọ́, ta ló ń gbé e ka iná?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bàbá Fákẹ́mi ò rẹ́rìn-ín, kò sì tẹ̀ka. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun ronú. Ronú kí ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tiwa wà lọ́jà, ó ń ronú.

Jímọ́ọ̀, 7 Fẹ́búárì

Mo tún lọ. Ní tòótọ́, mo sọ̀rọ̀ sí arúgbó náà bí kò ṣe yẹ. Mo ní tó bá jẹ́ òun ló kú, Bàbá mi ò ní sùn títí ìbọn ẹ̀ á fi délé. Ó wò mí. Ó gba ìwé, ó tẹ̀ka. Bí mo ṣe ń ṣẹ́ ìwé náà po, ó ní, "Ràshídá, má ṣe jẹ́ kí wọ́n yẹ ìbọn náà wò jù."

Mo ní kí nìdí? Ó ní irin ti gbó, wọ́n lè ní kò dáa mọ́. Mo kàn fi í sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Àtàláátà, 11 Fẹ́búárì

Ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á. Ó bi mí bóyá mo máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Mo ní ohùn ọlọ́pàá nìkan: "Ẹ padà wá ní Àtíní." Ó kọ ọ́ pé orí mi pé. Ó dáa kí ìjọba náà mọ̀.

Àlàmísì, 20 Fẹ́búárì

A ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Bàbá. Àwọn ààfáà ṣe dáadáa, oúnjẹ kárí. Ìrẹsì ti wọ́n, àmọ́ ojú ò tì wá. Bàbá Fákẹ́mi jókòó sẹ́yìn, ó ń ṣe àmín ju àwọn mùsùlùmí lọ. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé ìpà dìgbà wo. Mo ń rẹ́rìn-ín tí ò dénú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ethan pè mí lórí fídíò, ọmọ àbúrò mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà. Yorùbá ẹ̀ ń ṣe gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú. Mo ro ẹjọ́ ìbọn bàbá ìyá ẹ̀ fún un. Ó ní, "Àǹtí, ó le tó yẹn?" Ó ní nígbà tí òun wà ní Ṣíkágò, òun gba ìwé àṣẹ kí òun tó lè máa gbé ìbọn pélébé sábẹ́ aṣọ. Wọ́n kọ́ òun ní kíláàsì, wọ́n wádìí bóyá òun ti dá ọ̀ràn rí, wọ́n wá fún òun. Nígbà tó kó lọ sí Tẹ́ksáàsì, wọ́n ní àgbàlagbà tí kò bá ti rú òfin ò nílò ìwé kankan. Ìpínlẹ̀ kan, òfin kan. O kọjá ààlà, òfin ti yí padà. Ó wá ká ẹ̀wù sókè, ó fi hàn mí ní ìbàdí. Mo pariwo! Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ethan, ta ló ń lé ẹ?" Ó ní kò sẹ́nìkan.

Ẹ gbà mí. Ní ìlú tiwa, aráàlú ò gbọdọ̀ ní ìbọn pélébé rárá, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, kò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà Bàbá ga dé èjìká mi. Bùbá wo ni èèyàn fẹ́ fi í pamọ́ sí? Òun tí gbogbo ayé ń rí, tó ní ìwé, tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ lé lọ́dọọdún, òun ni wọ́n wá mú.

Sátidé, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru yìí ò láàánú. Ṣúgà kò wálẹ̀, yìnyín sì ti di ohun tí èèyàn ń tò fún. Mo bẹ Ọlọ́run kó fún mi ní sùúrù, ó kéré tán títí oòrùn á fi wọ̀.

Àtíní, 10 Máàṣì

Mo dé Òṣogbo. Láti àárọ̀ tí mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó tó aago méjì kí wọ́n tó pè mí. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Àṣé wọ́n ní ìwé mi dáa! Ọkùnrin tó gbà á tiẹ̀ kí mi kú ọ̀fọ̀, ó ní bàbá òun náà ṣọdẹ. Ohun kan ló kù: kí n lọ kọ nọ́ńbà ìbọn náà wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú láísẹ́ǹsì tuntun. Mo kọrin bọ̀ nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Èjìgbò. Awakọ̀ ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti mu omi ni?" Mo ní ayọ̀ ni mo mu.

Jímọ́ọ̀, 14 Máàṣì

Ayọ̀ ti dòfo. N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n ò ní lè sùn.

Ooreolúwa lọ gbé ìbọn jáde. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tún fojú kàn án nìyẹn. Awọ ìgalà tí Bàbá fi wé ìdí ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti ń dán níbi tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń wà. Mo fọwọ́ kàn án. Ooreolúwa fi aṣọ nu irin, ó ka nọ́ńbà, Ìsípẹ́kítọ̀ ń wo láísẹ́ǹsì Bàbá. Ó ní, "Tún un kà." Ó tún un kà. Ó dìde.

Nọ́ńbà tó wà lára ìbọn kọ́ ló wà nínú ìwé.

Ó ní, "Ìyá, ìbọn tí kò ní láísẹ́ǹsì ni bàbá yín ń gbé kiri. Ikú ló yọ wọ́n. Ká ní wọ́n wà láyé, kóòtù là bá jọ wà."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní Bàbá mi ò jí abẹ́rẹ́ rí. Ó ní òun ò sọ pé wọ́n jalè, nọ́ńbà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lè jogún ìbọn tí kò níwèé, torí náà kí n gbàgbé láísẹ́ǹsì, tí ọdún bá ti kọjá ó ń lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo bú u. Tààwẹ̀ tààwẹ̀, mo bú u. Mo ní lọ́dọọdún ni Bàbá ń mú ìwé wá fún wọn, lọ́dọọdún ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ta ló dá wọn lẹ́kun láti wo ìbọn? Àbí òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣọdẹ? Ooreolúwa fà mí jáde síta, ó ń bẹ̀ mí. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti sunkún, níwájú àwọn ọlọ́kadà, n ò bìkítà.

Sátidé, 15 Máàṣì

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Òru àná ni mo rántí "Èwo ni wọ́n gbé lọ?" Mo rántí "Má ṣe jẹ́ kí wọ́n yẹ ìbọn náà wò jù." Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni mo gba Isundunrin lọ.

Bàbá Fákẹ́mi jókòó sábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ìbọn lé itan, ó ń fi epo nù ún. Mi ò kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ìbọn ta nìyẹn?"

Ó ń nu ìbọn ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ti bàbá rẹ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní kí n gbọ́. Ní ọdún tí àwọn méjèèjì dá ọ̀rẹ́, ọdẹ kan ní ìlú Ara rí ojú tó ń tàn nínú igbó, ó yìnbọn sí i, ọ̀rẹ́ ara ẹ̀ ló pa. Ẹ̀rù ba gbogbo ọdẹ. Òun àti Bàbá bá pààrọ̀ ìbọn. Bàbá gbé tòun, òun gbé ti Bàbá. Ó ní, "Ìbọn tó bá mọ̀ mí ò lè pa mí. Tàjù wá ń gbé ìbọn tó mọ̀ mí, èmi ń gbé èyí tó mọ̀ ọ́n. A rìn nínú igbó títí ó fi kú, kò sí ẹni tó ta ẹnìkejì ẹ̀ ní ọta kan."

"Láísẹ́ǹsì ńkọ́?"

"Ìwé? Orúkọ ẹni ló wà lára ìwé. Báwo ni èèyàn ṣe ń pààrọ̀ orúkọ?"

Háà! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn ọlọ́pàá rò pé nọ́ńbà ni wọ́n fún ní láísẹ́ǹsì, àwọn bàbá wọ̀nyí rò pé èèyàn ni. Ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun mi. Mo ní, "Ẹ mọ̀. Láti Jánúárì lẹ ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa sáré kiri, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe Bàbá mi ní arúfin lójú mi, ẹ jókòó síbí, ẹ ń nu ìbọn!"

Ó ní, "Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ló bà mí, Ràshídá. Mo ti dàgbà jù fún ẹ̀wọ̀n."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò dágbére.

Àtíní, 17 Máàṣì

Mo ń gé aṣọ fún oníbàárà ló sọ sí mi lọ́kàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka ara mi. Bí ìbọn tó wà ní àgọ́ bá jẹ́ ti Bàbá Fákẹ́mi, nọ́ńbà ẹ̀ ló máa wà nínú láísẹ́ǹsì Bàbá Fákẹ́mi. Òun ṣì wà láàyè. Láísẹ́ǹsì ẹ̀ ò kú. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ yí sórúkọ ẹnikẹ́ni. Olóhun wà, kó lọ gba ohun ẹ̀!

Àtàláátà, 18 Máàṣì

Ó kọ̀.

Mo kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo tọrọ àforíjì ti ọjọ́sí, mo wá là á yé e. Ó ti yé e kí n tó débẹ̀, ó ti rò ó ṣáájú mi. Ó ní tí òun bá lọ gba tòun, wọ́n á ní kí òun gbé ti Tàjù sílẹ̀, nítorí òkú ló ni ín. Ìyẹn náà máa lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. "Òun nìkan ló kù mí lọ́wọ́ lára ẹ̀. Òun ni mò ń gbé dání láàárọ̀ bí ẹni gbá ọwọ́ ẹ̀ mú."

Mo ní, "Èwo ni Bàbá mi fi ṣọdẹ?"

Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá, èwo ni wọ́n ní ká fi ṣípà àwọn?"

Ó dìde, ó wọlé. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, àwọn méjèèjì ò jẹ́ kí n rí nǹkan fi ṣínu lálẹ́. Omi nìkan ni mo mu.

Àtíní, 24 Máàṣì

Kò sí ohùn láti Isundunrin. Múrítàlá fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù: ṣé ọ̀rọ̀ ìbọn ti tán? Mi ò dá a lóhùn. Ààwẹ̀ ti ń lọ sópin, ọlọ́kọ̀ tó máa kó àwọn ìbọn ò ní pẹ́ dé.

Jímọ́ọ̀, 28 Máàṣì

Mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kírun Jímọ́ọ̀ nígbà tí ọ̀kadà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Fákẹ́mi ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó wọ gbérí ọdẹ, ó fi ẹní wé ohun gígùn kan, ó gbé e sáyà. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Mú mi lọ."

Nígbà tá a dé àgọ́, àwọn tó wà níta rí ẹ̀wù ọdẹ, wọ́n yà fún un. Ó tẹ́ ẹní sórí káńtà, ó tú u. Ìsípẹ́kítọ̀ sáré jáde. "Bàbá, ta ló ni ìbọn yìí?"

"Tàjùdíìnì."

"Tàjùdíìnì tó ti kú? Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ yín? Tiyín dà?"

Bàbá Fákẹ́mi na ọ̀pá sí yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí. "Ó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn."

Ìsípẹ́kítọ̀ ní òun ò gbọ́ irú èyí rí, ẹnu kóòtù ni wọ́n ti máa ṣàlàyé ẹ̀. Arúgbó náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ní, "Ó dáa. Mo ti wẹ̀." Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ̀rọ̀, màá bà á jẹ́.

Ooreolúwa ló gbà wá. Ó lọ gbé ìbọn kejì jáde, ó tẹ́ wọn síra wọn, ó fi ìwé Bàbá sórí ọ̀kan, ó fi ìwé Bàbá Fákẹ́mi sórí ìkejì. Ó ní, "Ọ̀gá, ìbọn méjì, ìwé méjì. Nọ́ńbà ò ṣì. Òǹtẹ̀ ọdọọdún náà wà lára méjèèjì. Tá a bá gbé e dé kóòtù, adájọ́ á bi wá pé kí la ń wò nígbà tá a ń lù ú."

Ìsípẹ́kítọ̀ wo òǹtẹ̀. Ó wò ó dáadáa. Ó wá wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó ní ó ti fẹ́ tó àkókò ìrun. Ó ní kí Bàbá Fákẹ́mi mú tiẹ̀ tó wà nínú ìwé ẹ̀, kó fi ti olóògbé sílẹ̀, kí òun má tún rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Kò tọrọ àforíjì lórí arúfin tó pe Bàbá mi. Mo dúró dè é. Kò tọrọ ẹ̀.

Bàbá Fákẹ́mi ò tíì fi ìbọn yẹn sílẹ̀. Ó fi etí gbérí ẹ̀ nu irin tó ti nù mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Tàjù, ó tó gẹ́ẹ́." Ó tì í síwájú lórí káńtà, ó gbé èyí tó ní awọ ìgalà, ó jáde. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún ẹ̀ fún un.

Àláàdì, 30 Máàṣì

Ọdún. Mo jẹun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Sátidé, 5 Épírì

A ṣípà Bàbá lónìí.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, ilẹ̀ ń rùn dáadáa. Àwọn ọdẹ ti Ara wá, ti Èjìgbò wá, wọ́n pọ̀ ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Wọ́n kó ẹ̀wù ọdẹ ẹ̀ jáde, àpò ẹ̀, fìlà ẹ̀. Ó kan ìbọn. Bàbá Fákẹ́mi wò yíká, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú wọn kùn pé obìnrin kì í gbé ìbọn. Bàbá Fákẹ́mi ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé e, ta ló dé àgọ́ nínú yín?" Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, n ò ní purọ́.

Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbé e rìn láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ibi tí ọ̀nà ti wọ igbó, àwọn ọdẹ ń sun ìrèmọ̀jé lẹ́yìn mi, wọ́n ń pe Bàbá ní àwọn orúkọ tí n ò gbọ́ rí. Níbẹ̀ ni mo ti gbé e fún Bàbá Fákẹ́mi, torí obìnrin ò kọjá ibẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú igbó títí tí n ò fi gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí wọ́n padà jáde, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Bàbá Fákẹ́mi gbé ìbọn ẹ̀ kọ́ èjìká, ìbọn ara ẹ̀ tí kò gbé láti ìgbà èwe. Ó ní kò tíì mọ òun lára.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Múrítàlá: "A ti ṣe é. Má bi mí bá a ṣe ṣe é."

Àlàmísì, 10 Épírì

Ooreolúwa pè mí láàárọ̀. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Mà, wọ́n ti kó wọn sínú ọkọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n máa gbà."

Mo jáde síta. Mo dúró létí títì tèmi ti téèpù lọ́rùn. Ọkọ̀ náà ń bọ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá lásán tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn, wọn ò tiẹ̀ dì í dáadáa. Nígbà tó já sí kòtò ojú títì, mo gbọ́ tí irin kanra wọn lábẹ́ tapólì. Ti Bàbá wà níbẹ̀. Ìbọn tó níwèé, tó ní nọ́ńbà, tí kò ta èèyàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Àwọn tó ń fìbọn dá wa lọ́nà, tí wọ́n ń gbé èèyàn wọ igbó, tiwọn ò ní nọ́ńbà, mi ò sì tíì rí ọkọ̀ tó kó o kọjá níwájú mi. Inú ń bí mi. Yóò máa bí mi lọ.

Ọjọ́ tá a sin Bàbá, gbogbo Isundunrin gbọ́ ìró ìbọn. Mo dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ yẹn fi yà sí ọ̀nà Òṣogbo. Kò sẹ́ni tó yìnbọn fún ìbọn Bàbá.